Bí a ṣe ń gbẹ́ òkè sójú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tí a sì ń kùn ún tí ọ̀dà kò fi ní ṣí

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: ṣé ọnà la kọ́kọ́ ń gbẹ́ ni, àbí ọ̀dà la kọ́kọ́ ń kùn? Ọnà ni. Ẹ gbẹ́ ẹ tán, ẹ dán an, ẹ dí ojú igi, kí ọ̀dà tó dé, kí fáníìṣì sì kẹ́yìn. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà, ṣísẹ́lì ló máa fi ha ọ̀dà tó ti náwó sí dànù.

Èyí tó yẹ kí ẹ máa bi mí gan-an ni pé, èwo la ń gbẹ́, èwo la ń kùn? Ohun tó súnmọ́ ojú la ń gbẹ́, ohun tó jìnnà la ń kùn. Àpáta iwájú, ọ̀pẹ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òrùlé páànù méjì mẹ́ta nísàlẹ̀, ti ṣísẹ́lì nìyẹn. Àwọn òkè tó tò tẹ̀ lé ara wọn lọ títí wọ́n fi pòórá mọ́ ojú ọ̀run, bírọ́ọ̀ṣì ló ni wọ́n. Bí ẹ bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jinlẹ̀ bákan náà, gbogbo òkè á rọ́ wá síwájú, àwòrán ò sì ní ní ọ̀nà jíjìn kankan mọ́.

Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí: pánẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, tó ga ní 40, pẹ̀lú òkè Olósùnta ti Ìkẹ́rẹ́ lójú rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Pákó oníǹṣì kan tó ti gbẹ; bí ẹ bá fi pléènì fá a tán, kó ṣẹ́ kù bíi mìlímítà 20
- Pákó férémù, tó le ju ti pánẹ́ẹ̀lì lọ
- Ṣísẹ́lì pẹlẹbẹ méjì, ńlá àti kékeré, ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀bẹ ọnà
- Òòlù onígi (ti onírin á fọ́ orí ṣísẹ́lì yín)
- Kíláńǹpù (irin tó ń di pákó mú), ó kéré tán méjì
- Sáńdípépà nọ́ńbà 120, 180 àti 240
- Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà
- Emọ́ṣọ̀n funfun àti sítéènà (àwọ̀ tí a ń pò mọ́ ọn): búlúù, yẹ́lò, pupa, dúdú, búráùn. Bí owó bá gbà á, ẹ ra akírílíìkì
- Fáníìṣì olómi, ìyẹn èyí tí omi ń là, tí kì í ṣe tínà
- Ìbòmú

Igi wo ló dára?

Ọmọ ni mo máa ń mú bí mo bá ti rí i. Ó rọ̀ lábẹ́ ṣísẹ́lì, ó sì ń di etí ọnà mú. Bí kò bá sí, ẹ mú mẹ̀láínà. Ara rẹ̀ funfun, nítorí náà ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ pàápàá máa ń hàn lórí rẹ̀, kì í sì í sábà lọ́. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù. Etí àpáta tí ẹ bá gbẹ́ á máa rún mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìrókò ńkọ́? Ẹ fi ṣe férémù. Ojú igi rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra: ṣísẹ́lì tó ń lọ geere níbí á fà á ya ní ìka méjì síwájú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn fáníìṣì kan pẹ́ kí wọ́n tó gbẹ, eruku rẹ̀ sì ń yún èèyàn lára, ó ń mú ẹlòmíràn sín títí. Ọ̀gánwó ní tirẹ̀ pupa, ẹ ó ní láti fi ọ̀dà funfun bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá kí ojú ọ̀run tó lè hàn. Kí la wá ń náwó ọ̀gánwó fún?

Gbígbẹ igi lẹ ń fojú di jù. Ọlọ́pákó á ní, "Ó ti gbẹ, ẹ fọwọ́ kàn án." Ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe báyìí:

- Ẹ gé pákó sí gígùn tí ẹ máa lò, kí ẹ fi díẹ̀ kún un.
- Ẹ fi ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nílé kùn orí rẹ̀ méjèèjì, torí ibẹ̀ ló ń tètè gbẹ tó fi ń sán.
- Ẹ tò wọ́n sábẹ́ òrùlé, kì í ṣe sínú oòrùn, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá.
- Ẹ máa gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ iye tó wọ̀n sára rẹ̀. Ìgbà tí òǹkà náà ò bá lọ sílẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, ó ti ṣe é lò.

Pákó tútù tí ẹ bá lò nígbà òjò, ọyẹ́ ló máa tú àṣírí rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni oníbàárà máa pè yín pé ojú ọ̀run ti là sí méjì.

Yíyà á

1. Ẹ lẹ pákó méjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú igi sùn gbalaja láti òsì sí ọ̀tún, kó bá òkè tó tò lọ mu. Ẹ jẹ́ kí pákó ti òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bíi 28 sí 12. Báyìí, ojú ìlẹ̀pọ̀ á bọ́ sí ẹsẹ̀ àpáta, láàárín igi àti òrùlé, níbi tí ọnà ti pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Kó wà nínú kíláńǹpù mọ́jú.

2. Ẹ yà á sórí ìwé ńlá kẹ́ ẹ tó yà á sórí igi. Ẹ ya fọ́tò òkè náà fúnra yín. Bí ẹ bá ti Adó bọ̀ sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ ò ní pẹ́ rí ohun tẹ́ ẹ máa yà. Ìpele mẹ́ta péré ni kí ẹ mú nínú fọ́tò náà: iwájú, àárín, ẹ̀yìn. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

3. Ẹ fi ìwé kábọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ sójú pákó. Sẹ̀ǹtímítà kan kan yíká máa wọ inú férémù, nítorí náà ẹ má yà ohunkóhun síbẹ̀.

4. Ẹ kọ òǹkà sójú ìpele kọ̀ọ̀kan: 0 fún àpáta iwájú, 4 fún òkè àárín, 8 fún ọ̀run àti gbogbo òkè ẹ̀yìn. Mìlímítà tí ṣísẹ́lì máa lọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wò ó pé òkè ẹ̀yìn àti ọ̀run wà ní ìpele kan náà, torí ọ̀dà ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè wa dáadáa. Olósùnta kò ní ṣóńṣó. Àpáta ńlá tó yọ gọ̀ǹgọ̀ ni, orí rẹ̀ rí rogodo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán, igi sì so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè yàtọ̀: wọ́n gùn lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, igi bò wọ́n. Mo ti rí orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní Èkìtì ni, tí yìnyín wà lórí òkè rẹ̀. Kàlẹ́ńdà òyìnbó ni wọ́n wò ṣe é.

Ẹ tún bi ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín léèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òrìṣà ni Olósùnta fún àwọn tó ń bọ ọ́. Ilé kan á dunnú sí i, ilé mìíràn ò ní fẹ́ ẹ nínú pálọ̀. Irú wọn lè mú òkè Ìkọ́gọ̀sì, pẹ̀lú omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀.

Gbígbẹ́

Ìpele mẹ́rin làwọn agbẹ́gilére wa pín iṣẹ́ yìí sí, ẹ má fo ọ̀kankan.

5. *Ọ̀nà lílé.* Ẹ fi kíláńǹpù dè é mọ́ tábìlì. Ẹ gbé ṣísẹ́lì lé ìlà orí àpáta, ẹ lù ú wọlé ní mìlímítà méjì, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ìlà náà títí dópin. Lẹ́yìn náà, ẹ ti apá ojú ọ̀run fá a bọ̀ wá sí ìlà yẹn. Èérún á bọ́ nígbà tó bá kan ibi tẹ́ ẹ lù. Ẹ tún un lù, ẹ tún un fá, títí yóò fi tó 8. Ẹ má gbìyànjú láti mú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí àpáta á bá a lọ. Kí etí náà dà díẹ̀ síta, kó má wọnú lábẹ́, torí etí tó bá wọnú máa ń ṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán an.

   Bí ẹ bá ní rọ́tà (ẹ̀rọ oníná tó ń gbẹ́ igi), tí iná sì wà, ẹ fi kó ojú ọ̀run. Ibẹ̀ ló fẹ̀ jù, iṣẹ́ ibẹ̀ ò sì ládùn. Ẹ dá a dúró ní mìlímítà mẹ́ta sí ìlà, kẹ́ ẹ fọwọ́ parí rẹ̀.

6. *Àlétúnlé.* Ibí ni àpáta ti ń di àpáta. Títí di ìsinsìnyí, pẹrẹsẹ ló rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀ gan-an, ẹ máa fá a sọ̀ kalẹ̀ sí òsì, kẹ́ ẹ padà sórí, kẹ́ ẹ fá a sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ má ti ìsàlẹ̀ gun òkè. Èérún ló máa sọ fún yín: bó bá ń jáde ní gígùn, tó ń ká jọ síwájú ṣísẹ́lì, ojú igi lẹ bá lọ. Bó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ sì rí i tí igi ń là sísàlẹ̀ níwájú ẹnu irin, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ gba òdì kejì wá. Ẹni tó bá fi agbára tì í kọjá, ègé tó máa hó kúrò á tóbi ju èyí tó fẹ́ mú lọ.

   Òkè àárín ò nílò wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn fi ṣísẹ́lì pa etí rẹ̀ rẹ́ kó lè tẹ̀ wọ ẹ̀yìn.

7. *Dídán.* Ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ dán dáadáa: sáńdípépà 120, lẹ́yìn náà 180, ẹ máa bá ojú igi lọ. Ṣùgbọ́n ní ara àpáta, ẹ fi ojú ṣísẹ́lì sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn ojú kéékèèké yẹn ló máa gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ alẹ́ bí wọ́n bá tan iná pálọ̀.

8. *Fínfín.* Ọ̀bẹ ọnà ló ṣe èyí: imọ̀ ọ̀pẹ, ìlà páànù òrùlé, ibi tí àpáta ti sán. Kó má ju mìlímítà kan lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn tó máa ń sọ síni lọ́kàn níbí pé ká ṣáà tún fi igi kan kún un. Ọ̀pẹ méjì tó.

Ẹ kíyè sí èyí

- Ọwọ́ méjèèjì kò gbọdọ̀ sí níwájú ẹnu ṣísẹ́lì. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi ọwọ́ kan di pákó mú, kíláńǹpù yín ò tó.
- Ṣísẹ́lì tó kú ló ń ṣeni léṣe, torí agbára lẹ máa fi tì í. Ẹ máa pọ́n ọn.
- Ìbòmú ní gbogbo ìgbà tí sáńdípépà bá wà lọ́wọ́, ìyẹn kì í ṣe ìgbà ìrókò nìkan.
- Kókó igi tó bá bọ́ sójú ọ̀run kò lè di òṣùpá. Ẹ gbé pákó náà yípo, kó bọ́ sára àpáta.

Dídí ojú igi

9. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, kó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ máa rí i pé irun igi ti dìde. Ẹ fi 240 pa á rọra. Bí ẹ ò bá ṣe èyí báyìí, omi inú ọ̀dà ló máa gbé irun náà dìde, ojú ọ̀run yín á sì máa gún ọwọ́.

10. Ẹ fi omi la emọ́ṣọ̀n funfun ní ìdajì-ìdajì, kẹ́ ẹ fi kùn ọ̀run àti òkè ẹ̀yìn. Ní ti àpáta iwájú, fáníìṣì olómi fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló tó, kí ojú igi lè máa hàn lábẹ́ ọ̀dà.

11. Ẹ kùn ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì náà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí. Bí iwájú bá dí tí ẹ̀yìn sì ṣí, ẹ̀yìn nìkan ni á máa mumi lójò, tí á sì máa gbẹ lọ́yẹ́, pákó á sì tẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi oògùn ikán bíi Solignum sí i, ẹ̀yìn àti inú kọ́bọ́ọ̀dù ni kí ẹ kùn ún sí. Kò gbọdọ̀ dé ibi tí àwòrán máa wà. Á jẹ yọ gba inú ọ̀dà jáde.

Kíkùn

Àwọn kan gbà pé ọ̀dà ń ba ọnà jẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, ìyẹn èyí tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, kùn iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dà. Ọ̀dà tó nípọn ló ń ba ọnà jẹ́.

12. *Ọ̀run.* Láti òkè wálẹ̀. Funfun púpọ̀, búlúù díẹ̀, kó máa funfun sí i bó ṣe ń sún mọ́ orí òkè. Kí ẹ tó jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a gbalaja kí ojú ìpàdé àwọ̀ lè parẹ́.

13. *Òkè tó jìnnà jù.* Ẹ mú lára àwọ̀ ọ̀run yẹn gan-an, ẹ fi búlúù àti ẹ̀kán pupa kan kún un, kó dà bí eérú tó fẹ́ wọ àlùkò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.

14. *Òkè tó tẹ̀ lé e.* Àwọ̀ kan náà, búlúù díẹ̀ sí i, àwọ̀ ewé díẹ̀. Ìlà ẹsẹ̀ òkè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ funfun ju orí rẹ̀ lọ, bí ìgbà tí kùrukùru bá sùn sáàárín wọn. Bí ẹ bá jí jáde láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ wò ó: òkè tó jìnnà kì í dúdú, kì í sì í ní igi tá a lè kà.

15. *Òkè àárín.* Àwọ̀ ewé tó ní yẹ́lò nínú, ṣùgbọ́n kó ṣì ní búlúù díẹ̀.

16. *Àpáta iwájú.* Dúdú, funfun àti búráùn, pẹ̀lú omi púpọ̀. Ẹ kùn ún, kẹ́ ẹ sì yára fi aṣọ nù ún; ọ̀dà á kù sínú ojú ṣísẹ́lì, á sì fúyẹ́ lórí ibi tó yọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi bírọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fa àwọn ìlà dúdú tí omi òjò máa ń fà sílẹ̀ lára àpáta, láti orí wá sísàlẹ̀. Kí wọ́n má dọ́gba. Ìlà wọ̀nyẹn ló máa sọ fún ará Ìkẹ́rẹ́ pé òkè ìlú òun ni.

17. *Ewé, òrùlé.* Kẹ́yìn pátápátá. Pupa rúsúrúsú fún páànù tó ti dógùn-ún.

Ẹ dán àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wò lórí pákó àjẹkù. Emọ́ṣọ̀n máa ń yí díẹ̀ bó bá gbẹ.

Fáníìṣì àti férémù

18. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ dáadáa, ó kéré tán ọjọ́ méjì. Nígbà òjò, ẹ fi kún un. Fáníìṣì olómi fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan tó nípọn. Fáníìṣì olóròóró máa ń pọ́n bí ọdún ti ń lọ, búlúù ojú ọ̀run yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọ̀ ewé. Nínú pálọ̀, èmi fẹ́ràn èyí tí kì í dán bíi dígí, torí dídán rẹ̀ kì í jẹ́ ká rí ọnà.

19. Ẹ fá etí pánẹ́ẹ̀lì yíká títí yóò fi wọ inú kòtò férémù. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ má kàn án níṣòó. Ẹ fi àlàfo mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ nínú kòtò náà, torí ibẹ̀ ni igi tó sùn yóò ti máa wú tí yóò sì máa sún kì. Férémù nìkan là ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

20. Ẹ kùn etí pánẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó fi sínú férémù. Bó bá sún kì lọ́yẹ́, ìlà igi funfun kankan ò ní yọjú.

Férémù ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní àwọ̀ igi. Bí ẹ bá kùn ún pẹ̀lú, ojú ò ní mọ ibi tí yóò sinmi sí.

Bó bá bàjẹ́, kí ló fà á?

- *Ọ̀dà ń ṣí bí èèpo:* ẹ kùn ún lé sanding sealer (èyí tí wọ́n fi ń dí ojú igi) tó ń dán, tàbí lé ojú tó ní epo. Ẹ fi 180 ha á kẹ́ ẹ tó tún un kùn. Emọ́ṣọ̀n kì í di ojú tó ń dán mú.
- *Ọ̀dà hunjọ nígbà tí fáníìṣì kàn án:* fáníìṣì onítínà lẹ lò. Kò sí àtúnṣe kúkúrú. Ẹ ha ibẹ̀ kúrò.
- *Òkè ẹ̀yìn ń sáré wá síwájú:* ó dúdú jù. Ẹ la funfun pẹ̀lú omi púpọ̀, kẹ́ ẹ fi nu orí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́.
- *Etí àpáta ṣẹ́:* bí ègé náà bá wà, gọ́ọ̀mù ni. Bí kò bá sí, ẹ po iyẹ̀rẹ̀ igi kan náà mọ́ gọ́ọ̀mù, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún un gbẹ́.
- *Pánẹ́ẹ̀lì là:* ẹ wo kòtò férémù kẹ́ ẹ tó bú igi. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti kàn án níṣòó.

Bí kì í bá ṣe ilẹ̀kùn lẹ fẹ́

Orí bẹ́ẹ̀dì ló dára jù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí ó fẹ̀, ọwọ́ kì í sì í kàn án púpọ̀. Ẹ gbẹ́ apá òkè rẹ̀ nìkan. Ibi tí orí èèyàn máa ń kàn, ẹ fi í sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ẹ̀yìn àga: ẹ kùn ún, ẹ má gbẹ́ ẹ. Àpáta tó yọ síta á máa gún àlejò lẹ́yìn, wọn ò sì ní sọ fún yín.

Àpótí aṣọ: ẹ gbẹ́ ojú iwájú, ẹ má fọwọ́ kan ọmọrí rẹ̀, torí orí rẹ̀ ni wọ́n máa gbé ẹrù lé.

Ojú tábìlì ni ẹ̀yin olùbéèrè fẹ́ràn jù, òun sì ni mo máa ń kọ̀. Omi á dúró sínú ọnà, àjẹkù ẹ̀bà á wọ ìlà ọ̀pẹ. Bí oníbàárà bá ta kú pé òun ni òun fẹ́, ẹ fi dígí bò ó, kẹ́ ẹ fi rọ́bà kékeré gbé dígí náà sókè díẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ooru má bàa mú omi sábẹ́ rẹ̀. Owó dígí náà, ẹ fi í kún iye iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.